Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Tuntun Ilé-Kéwú Wa Kọ̀ Tí Kò Tàn

Àwọn tí ó ń ṣètò ìwé ọdọọdún yìí ní kí a kọ nǹkan díẹ̀ nípa kọ̀ǹpútà tí ẹ dá owó rẹ̀, èyí tí ó wà ní ọ́fíìsì àwa olùkọ́ báyìí. Wọ́n rò pé bí ó ṣe wúlò tó ni a ó kọ. Ìyẹn yóò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lọ́kàn wa gan-an ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́fà tí ẹ̀rọ náà fi kọ̀ tí kò tàn. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lọ́nà tí kò tọ́, àwa náà sì wà lára àwọn tí ó jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i tí a ń sọ pé "a" àti "wa", ẹ má ṣe rò pé a fẹ́ pín ẹ̀bi náà kiri. Ara wa nìkan ni a ń bá wí.

Ẹni tí ó bá lọ sí ilé-kéwú ní ìgbà tiwa yóò rántí wàláà. Orí pátákó ni a ti kọ́ háráfí, tàdáà ni a fi kọ ọ́, bí a bá sì ti há ohun tí ó wà lójú rẹ̀ sórí, a ó fọ̀ ọ́, a ó kọ òmíràn. A kò kẹ́gàn wàláà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìdánwò kì í ṣe ohun tí a lè fọ̀ kí a tún kọ. Títí di ọdún 2022, ọwọ́ ni àwa olùkọ́ fi ń kọ ọ́, tí a ó wá lọ ṣe é ní fọ́tòkọ́pì ní títì. Ní ìdánwò ọdún náà, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì jẹ àmì tó-tò kan tí ó wà lábẹ́ háráfí, ìdọ̀tí ojú gíláàsì rẹ̀ sì fi òmíràn sí òkè, bá di núnù, ìdajì kíláàsì sì dáhùn ohun tí a kò bi wọ́n. A gbé iṣẹ́ kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ní kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ ibẹ̀ kò gbọ́ Lárúbáwá. Háráfí já kúrò lára ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já, ìlà sì bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì bíi ti òyìnbó. Ìgbà náà ni a mọ̀ pé a ní láti ní tiwa.

Ọmọ wa kan ni ó gbé ìmọ̀ràn wá. Ọ̀dọ̀ wa ni ó ti ka Kùránì tán, a sì ṣe wòlímọ̀ rẹ̀ níbí kí ó tó lọ sí pólì, níbi tí ó ti ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. A kò ní dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí, nítorí pé ẹnu ti pe orúkọ náà jù tẹ́lẹ̀. Ó ní dípò kí a ra tòkunbọ̀ odindi, tí a kò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí, kí a ra ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí òun tò ó fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ lọ́la, ìyẹn nìkan ni a ó pààrọ̀. Ẹgbẹ́ òbí dá ₦380,000. Àwọn kan san ₦5,000, àwọn kan san ₦2,000, ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀kọ san ₦500 ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọmọ náà lọ sí Kọ̀ǹpútà Village ní Ìkẹjà, l'Ékòó, ó sì kó gbogbo rẹ̀ dé pẹ̀lú rìsíìtì ní ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kẹwàá ọdún 2023.

Kí àwọn tí kò tíì rí inú kọ̀ǹpútà rí lè bá wa lọ: àpótí irin kan wà tí wọ́n ń pè ní kásíìnì, òun ni ilé. Pátákó ńlá kan wà nínú ilé náà tí wọ́n ń pè ní mọ́dábọ́ọ̀dù, gbogbo nǹkan yòókù ni a ń fi sára rẹ̀: ọpọlọ ẹ̀rọ náà, tí fáànù kékeré wà lórí rẹ̀ kí ó má baà gbóná jù, àti ráàmù, tí ó dà bí rúlà kékeré. Páwà-páàkì sì ń gba iná ògiri, tí ó jẹ́ fóòtì 230 ní ilẹ̀ wa, ó ń sọ ọ́ di kékeré, 12, 5 àti 3.3, kí ó tó fi fún pátákó. Ẹ fi ọkàn sí nǹkan kan níhìn-ín. Ẹ̀yìn pátákó náà kún fún ìkán òjé tí ó ń dán, iná sì ń gba ara wọn kọjá. Irin ni kásíìnì. Bí a bá gbé pátákó lé irin tààrà, iná yóò gba ibi tí kò yẹ kó gbà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi òpó idẹ kéékèèké, tí kò ga ju èékánná lọ, sára kásíìnì, tí pátákó yóò dúró lé lórí bí ilé orí omi.

Lẹ́yìn ìrun Àláásárì ni ó tẹ́ ẹní, tí ó kó gbogbo ẹrù náà jáde. Inú wa dùn. Àwa tí a ti lé ní ogójì ọdún jókòó tì í bí ọmọdé tí ó ń wo onídán. Nígbà tí ó rí i pé ọwọ́ wa kò sinmi, ó na ọ̀rá kékeré kan sí wa, ó ní, "Àfáà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi de àwọn òpó yìí mọ́ kásíìnì, kí n máa fi ráàmù sí i." A gbà á. Ara kásíìnì náà kún fún ihò, ó ju ogún lọ, nítorí pé onírúurú pátákó ni wọ́n ṣe é fún, ńlá àti kékeré. A wo àwọn ihò tí ó dára lójú wa, a sì de òpó mọ́ wọn gírígírí. Bí a ti parí ni NEPA mú iná lọ (a mọ̀ pé wọ́n ti yí orúkọ yẹn padà láti ọdún 2005, ṣùgbọ́n ẹ fi wá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀), ládàánì sì pe ìrun Mọ̀gàríbì. Nígbà tí a padà dé, iná fìtílà fóònù ni ọmọ náà fi gbé pátákó wọlé, tí ó de súkúrú, tí ó sì so wáyà. Ó bi wá pé, "Àfáà, àwọn òpó yẹn, ṣé bí ihò ara pátákó ṣe wà ni ẹ ṣe tò wọ́n?" A dá a lóhùn pé, "Gbogbo rẹ̀ ni a dè. Ọ̀kan kò ṣẹ́kù." Ó wò wá, ó tẹ orí ba, ó ní, "Ẹ ṣeun, Àfáà."

Iná dé ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Ó ní kí àwa fi ọwọ́ ara wa tẹ̀ ẹ́. A ṣe bísímílà, a tẹ̀ ẹ́. Fáànù tí ó wà lórí ọpọlọ ẹ̀rọ mì bí ẹni tí ó fẹ́ jí lójú oorun, kò tilẹ̀ yí ìyípo kan tán, ó sì dúró. A tún tẹ̀ ẹ́. Kò mì mọ́ rárá.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà, ó ń tún wọn so. Ó fẹ́ tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ lóru ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n àwa ni a ní kí ó lọ sùn, nítorí pé ó ní ìdánwò ní pólì ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ọjọ́ Sọ́ńdè ni yóò sì wọ̀. Ó lọ tìjátìjá. Ó ní kí a má fi ọwọ́ kàn án títí òun yóò fi dé.

Ẹ̀yin mọ̀ pé a kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè àti Mọ́ńdè, gbogbo ohun tí a mọ̀ ni a dán wò, a ó sì kọ ọ́ síhìn-ín nítorí ẹni tí irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí. A fi fìtílà orí tábìlì sí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ó tàn, nítorí náà iná ògiri dára. A yọ stábíláísà kúrò láàrin, a fi wáyà kan ògiri tààrà. Kò sí ìyàtọ̀. A wo ẹ̀yìn páwà-páàkì, níbi tí súwíìṣì kékeré kan wà. Ó wà ní títàn. Àwọn páwà-páàkì àtijọ́ mìíràn tún ní súwíìṣì pupa tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Tiwa kò ní in, ṣùgbọ́n bí tiyín bá ní in, ẹ rí i pé 230 ni ó wà kí ẹ tó fi iná kàn án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò bú gbàmù. A wo wáyà ńlá tí ó ní ihò mẹ́rìnlélógún, a wo kékeré tí ó ń fún ọpọlọ ẹ̀rọ ní iná, èyí tí àwọn atòkọ̀ǹpútà sábà máa ń gbàgbé. Méjèèjì wọlé dáadáa. A yọ ráàmù, a tún fi í padà títí ó fi dún kẹ́. Bákan náà ni.

Ohun kan tí ó yà wá lẹ́nu ni pé iná kékeré aláwọ̀ ewé kan ń tàn lára pátákó náà ní gbogbo ìgbà tí a bá fi wáyà kan ògiri. A ní, bí iná bá ń dé ibẹ̀, kí ló dé tí kò tàn? Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ó yé wa. Láti ọdún 1995 tí ilé-iṣẹ́ Intel ti gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n ń pè ní ATX, bọ́tìnì iwájú kọ̀ǹpútà kì í ṣe súwíìṣì tí ń já iná mọ́. Bí wáyà bá ti kan ògiri, páwà-páàkì yóò máa fún pátákó ní fóòtì 5 díẹ̀, bí ẹ̀ṣọ́ tí kì í sùn. Ẹni tí ó bá tẹ bọ́tìnì kàn ń ránṣẹ́ sí pátákó ni, pátákó ni yóò wá ní kí páwà-páàkì tú ìyókù sílẹ̀. Bí páwà-páàkì bá sì rí i pé iná ń sá gba ibi tí kò yẹ, yóò pa ara rẹ̀ dé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí nǹkan má baà jóná, kò sì ní gbọ́ ìpè mọ́ títí a ó fi yọ wáyà lára ògiri fún ìgbà díẹ̀. Fáànù tí ó mì tí ó sì dúró ń bá wa sọ̀rọ̀. A kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Ní ọjọ́ Túsìdeè a pe ọ̀gá kan tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mejì, kò tú súkúrú kan. Ó mi orí. Ó ní, "Àfáà, mọ́dábọ́ọ̀dù yín ti kú. Òkú ọjà ni wọ́n rà fún yín. ₦95,000 ni n ó fi gbé òmíràn wá." A fún un ní owó ọkọ̀, a sì sọ fún un pé a ó ránṣẹ́ sí i.

Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti di ẹ̀ṣẹ̀ sí wa lọ́rùn. A lọ sọ ohun tí ọ̀gá náà wí fún akápò ẹgbẹ́ òbí, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni owó wà. Títí di ibẹ̀ a kò ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n akápò bi wá pé, "Ṣé ẹ rò pé ọmọ yẹn fi gbogbo owó náà ra ọjà?" Dípò kí a sọ pé a mọ ọmọ náà láti ìgbà tí ó ti ń fi ìka ka alífì, a gbé ojú sókè, a ní, "Ọlọ́hun nìkan ni ó mọ inú ẹ̀dá." Òótọ́ ni gbólóhùn yẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ ohun tí àgbàlagbà ń sọ nígbà tí ó bá lò ó níbi tí wọ́n ti bi í ní ìbéèrè nípa olè. Ní ọjọ́ Wẹ́sídeè, ẹnìkan ti rántí pé òun rí fóònù tuntun lọ́wọ́ ọmọ náà. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ti di pé ó ra òkú ọjà, ó sì jẹ ìyókù. A gbọ́ ọ létí ara wa níbi tí a ti ń ṣe àlùwàlá. A ń fọ ẹsẹ̀ wa lọ.

Ní ọjọ́ Tọ́sídeè, lẹ́yìn tí a ti tú àwọn ọmọ sílẹ̀, ìyá rẹ̀ wọlé sí kíláàsì. Ó kúnlẹ̀. Ó mú ọ̀rá kan jáde láti inú ìró rẹ̀, ₦20,000 ni ó wà nínú rẹ̀, owó pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tí ó rùn epo. Ó ní, "Àfáà, ẹ jẹ́ kí n máa san án díẹ̀díẹ̀. Mo ti bi í lórí fóònù, ó búra pé òun kò mú kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á gbọ́? Wọ́n ní lẹ́yìn Jímọ̀ ọ̀la ni ìpàdé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ nínú mọ́sáláṣí." A ní kí ó dìde. Kò dìde. A ní kí ó mú owó rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ lórí tábìlì, ó lọ.

A jókòó pẹ́ nínú kíláàsì náà. Bí ọmọ bá ń ka aya tí ó bá kọsẹ̀, a kì í sọ fún un pé Kùránì tí ó mú dání kò dára. A ó ní kí ó padà sẹ́yìn, kí ó ka háráfí kọ̀ọ̀kan, alífì, lámù, mímù, títí a ó fi débi tí ó ti ṣì í. Iṣẹ́ tí a ti ń ṣe láti bí ọdún méjìlélógún nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí, a ti fo gbogbo háráfí, a ti lọ mú ẹni tí ó kọ ìwé.

Lẹ́yìn ìrun Iṣáì a pe ọmọ náà. Ohùn rẹ̀ kò jọ ti àtẹ̀yìnwá. Ó kí wa bí ó ti yẹ, ó sì dákẹ́. A sọ ohun tí a rí fún un, bí fáànù ṣe mì tí ó sì dúró. Ó ní, "Àfáà, ẹ má bínú. Bí pátákó bá ti kú, fáànù náà lè mì bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ohun kan bá ń kan ohun kan níbi tí kò yẹ kó kàn, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe. Ẹ jẹ́ kí a wádìí páwà-páàkì ná."

A pe olùkọ́ tí ó ń kọ́ kíláàsì kìíní, kí ó bá wa mú iná dání. Ọmọ náà ń sọ ọ́ lórí fóònù, à ń ṣe é. A yọ wáyà kúrò lára ògiri. A fi ọwọ́ kan irin kásíìnì kí iná ara wa má baà ba nǹkan jẹ́. A tú wáyà páwà-páàkì kúrò lára pátákó pátápátá. Ó ní kí a wá okùn irin tí a fi ń di bébà pọ̀, kí a nà án, kí a fi etí rẹ̀ kan sí ihò wáyà aláwọ̀ ewé, ọ̀kan ṣoṣo ni ó wà nínú gbogbo wọn, kí etí kejì wọ ihò wáyà dúdú kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí a tó fi iná kan ògiri. Fáànù páwà-páàkì yí, ó sì ń yí lọ. Ó ní, "Alihamudulilai, ó ṣeé ṣe kí ìyẹn yè." (Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe dán èyí wò láìsí àgbàlagbà tí ó mọ̀ ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ má sì ṣe tú páwà-páàkì fúnra rẹ̀ láé. Iná ṣì máa ń wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ lára ògiri.)

Ó wá ní, "Àfáà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tú pátákó náà kúrò nínú kásíìnì, kí ẹ gbé e lé orí páálí tí wọ́n fi dì í wá." A bi í pé kí ni ìyẹn yóò ṣe. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Àfáà." A tú súkúrú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. A gbé pátákó lé orí páálí, a dá wáyà ńlá àti kékeré padà sára rẹ̀, a so mọ́nítọ̀ mọ́ ọn. Bọ́tìnì kò sí lára rẹ̀ mọ́, nítorí náà ó ní kí a wá irin tín-ínrín méjì kan ní igun pátákó, níbi tí wáyà bọ́tìnì wà tẹ́lẹ̀, kí a fi ẹnu súkúdíráfà kan méjèèjì pọ̀ bí ẹni tí ó ṣẹ́jú kan. Ọwọ́ wa ń gbọ̀n. A kàn án.

Fáànù yí. A retí kí ó dúró, kò dúró. Mọ́nítọ̀ ṣú díẹ̀, ó wá tàn, lẹ́tà funfun sì jáde lójú rẹ̀. Olùkọ́ tí ó mú iná dání pariwo kábárà, àwọn ará ilé kejì sì bèèrè bóyá ó ti di àkókò sààrì.

A sọ fún ọmọ náà. Kò pariwo. Ó kàn sọ pé, "Nígbà náà ohun tí ó ń dí i wà nínú kásíìnì, Àfáà." A tan iná sí inú kásíìnì. Òpó idẹ mẹ́sàn-án ni ó dúró níbẹ̀. A yí pátákó padà, a ka ihò rẹ̀: mẹ́fà. Pátákó kékeré ni, kì í ṣe irú ńlá tí ó máa ń ní ihò mẹ́sàn-án. Àwọn tí ó ṣe kásíìnì kàn di òpó mẹ́sàn-án sínú ọ̀rá nítorí ẹni tí ó bá ra ńlá ni. Mẹ́fà nínú èyí tí a dè bọ́ sí ibi tí ó yẹ. Méjì wà lẹ́yìn òde pátákó, wọn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ̀kẹsàn-án dúró sí abẹ́ rẹ̀ gan-an níbi tí kò sí ihò, ó fi orí kan àwọn ìkán òjé ẹ̀yìn pátákó. Ibi tí ó ti kàn án ń dán bí ẹni pé a fi èékánná ha á.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa ni àgbà tí ó wà lọ́jà. Àwa ni a wọ́ ọ lórí.

A bi ọmọ náà pé, "Ṣé o ti mọ̀?" Ó dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rò pé káàdì fóònù wa ti tán. Ó ní, "Mo fura ní alẹ́ Sátidé, Àfáà, nígbà tí ẹ ní ọ̀kan kò ṣẹ́kù."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi ní alífì. Báwo ni n ó ṣe ní kí ẹ sún kí n yẹ iṣẹ́ ọwọ́ yín wò?"

"Bí wọ́n ti wá ń pè ọ́ lólè ńkọ́?"

"Mo rò pé bí mo bá dé ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, n ó yọ ọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni."

A kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìtẹríba tí a fi ń yangàn lójú àwọn òbí ní gbogbo ọjọ́ wòlímọ̀ ni ó fi pa ẹnu rẹ̀ mọ́, àwa ni a sì kọ́ ọ. A kò sọ pé kí ọmọ máa já olùkọ́ rẹ̀ nírọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó mọ ibi tí àléébù wà, tí ó sì yàn láti di olè lójú ìyá rẹ̀ kí ojú má baà ti àfáà rẹ̀, ó ní ohun tí a gbàgbé láti fi kún ẹ̀kọ́ rẹ̀.

A yọ òpó mẹ́ta, a dá pátákó padà, a tẹ bọ́tìnì. Ó tàn. Aago mọ́kànlá ti lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ a gbé ₦20,000 lọ sí ilé ìyá náà, a sì bẹ̀ ẹ́. Àkókò tiwa ni láti kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí a ṣe é tán. Lẹ́yìn ìrun, níbi ìpàdé, a dìde kí alága tó pe ọ̀rọ̀ kankan. A fi òpó mẹ́ta náà sí àtẹ́lẹwọ́, a sì sọ ohun tí a ṣe, láti orí òpó dé orí "Ọlọ́hun nìkan ni ó mọ inú ẹ̀dá." Àwọn kan rẹ́rìn-ín nípa òpó. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín nípa èkejì. Fóònù tuntun yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà ní Kánò ni ó fi ránṣẹ́ sí i. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níjókòó, kò sì sọ nǹkan kan. A kọ ọ́ síhìn-ín nítorí pé gbogbo ẹni tí ó gbọ́ ẹ̀sùn kọ́ ni ó wà ní ìpàdé.

Láti ìgbà náà, orí ẹ̀rọ yìí ni a ti ń tẹ gbogbo ìbéèrè ìdánwò. Háráfí ń so mọ́ra, ìlà ń bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún, fatha, kasra àti damma ń jókòó sí àyè wọn. A lẹ bébà kéékèèké tí a kọ háráfí Lárúbáwá sí mọ́ orí kíbọ́ọ̀dù. Ìka méjì ni a ṣì fi ń tẹ̀ ẹ́. Ní kíláàsì kẹrin, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó ní, "Àfáà, ẹ jọ̀wọ́, tó-tò kan kù ní ìlà kẹta." A wò ó. Ó kù lóòótọ́. Inú kíláàsì pa lọ́lọ́, àwọn yòókù ń wo ojú wa. A mú gègé, a fi í sí i, a sì ní kí ó ka ìlà kẹrin náà fún wa.

Òpó idẹ mẹ́ta yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì wa. Nígbà tí ọmọ náà wá kí wa ní ọdún iléyá, ó béèrè wọn, ó ní òun ń to kọ̀ǹpútà fún ẹnìkan, wọ́n sì lè bá a mu. A ní kí ó lọ ra tirẹ̀.